Fèrèsé Tó Kọjú sí Aṣálẹ̀

Àwọn àga ló kọ́kọ́ kí Làsísì. Wọ́n ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bí ẹni pé wọ́n ti jọ gbé àdúgbò kan rí. Ó dá wọn lóhùn. Inú bàlúù ló wà. Bàlúù náà gùn bí òpópónà, iwájú rẹ̀ sì ṣókùnkùn díẹ̀, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Ìwó ṣe máa ń ṣókùnkùn ní ọ̀sán. Kò tíì gbéra, ṣùgbọ́n ìkùukùu ti wà ní ojú gbogbo fèrèsé.

Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá náà ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ń rìn dáadáa. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún kó tó kú kò dùn ún mọ́. Ó gbé abọ́ tánganran kan lọ́wọ́, ó fi ọmọrí dé e. Oúnjẹ Múráínà ló wà nínú rẹ̀.

Múráínà ni àkọ́bí, òun ló ṣáájú Làsísì wáyé. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo Ìwó fi ń pe ìyá wọn, Ìyá Múráínà. Kò tíì gbéyàwó nígbà tó bá àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ lọ sí Mẹ́kà lọ. Wọ́n gba Màídúgùrì, wọ́n gba Ṣáàdì, ó sì kú sínú aṣálẹ̀ kí wọ́n tó dé Sùdáànì. Àwọn tí wọ́n jọ ń lọ ló sin ín sínú yanrìn. Nígbà tí ìròyìn náà délé, ìyá kò gbà á. Ó ní ọmọ tí òun kò rí òkú rẹ̀ kò kú. Kò jẹ́ kí wọ́n kírun òkú fún un. Alaalẹ́ ló ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀ nínú abọ́ tánganran, títí ọlọ́jọ́ fi dé bá òun náà.

Nínú bàlúù yìí, ó sọ ohun tí wọ́n bá wá fún Làsísì. Kò gbóhùn sókè.

“A ó kọjá lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Jókòó síbi tí o ti lè rí i. Tí o bá ti rí i, pè é, yóò gòkè wá bá wa. Tí o kò bá pè é, yóò rò pé a ò wá òun rárá.”

Làsísì bi í pé kí ló dé tí kò fúnra rẹ̀ jókòó sí ojú fèrèsé. Ó ní gíláàsì kì í fi nǹkan han òkú. Ó ní funfun báláú lòun ń rí. Ó wá jókòó sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀, ó gbé abọ́ lé itan. Àwọn èrò ń gbẹ́sẹ̀ dá a kọjá. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

Làsísì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àga. Kò wọ bàlúù rí láyé rẹ̀. Aránṣọ ni, orí àpótí kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kan náà, ló jókòó sí títí tó fi darúgbó. Kò yà á lẹ́nu pé àwọn àga mọ ohun tó ń wá.

Èyí tó wà lókè apá bàlúù ló kọ́kọ́ dá a dúró. Ó ní, “Ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ jókòó sí, bàbá. Apá yìí fẹ̀, ó bo ilẹ̀ pátápátá. Ẹni tí kò rí nǹkan kan kì í sunkún.”

Ohùn àánú ló fi sọ ọ́. Làsísì fọwọ́ kan tìmùtìmù rẹ̀, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí àyà ènìyàn. Ó dúró níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kó tó kúrò.

Èyí tó wà lẹ́yìn apá ń fọ́nnu. Ó ní kò sí ohun tí òun kò rí, kò sí ìlú tí òun kò mọ òrùlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru tó ń jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ń kọjá níwájú fèrèsé rẹ̀, ohun gbogbo tó bá wà lẹ́yìn ooru náà sì ń gbọ̀n. Àwọn àga yòókù fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní òótọ́ ló ń rí ayé, àmọ́ ayé tó ní ibà ló ń rí. Ọ̀kan tún wà tí kò ní fèrèsé rárá, ògiri lásán ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun náà ń pe Làsísì. Wọ́n ní kó panu mọ́, wọ́n ní ta ló ń polówó ògiri. Ó ní fèrèsé òun ń bọ̀ lọ́nà. Kò bínú. Ó jọ pé ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Báyìí ni Làsísì fi mọ̀ pé iwájú apá ni kí òun jókòó sí. Èyí tó kù ni pé kó mọ ọwọ́ tí yóò jẹ́, ọ̀tún ni tàbí òsì. Bí ó bá ṣi ọwọ́ mú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò wà ní ìsàlẹ̀, òun yóò sì kọjú sí ibòmíràn.

Àlàájì Ṣíttù wà láàárín àwọn èrò. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi sin Múráínà, òun náà ló mú ìròyìn wálé. Ìgbà tó yá ló tó kú, nínú ilé ara rẹ̀. Yanrìn ń dà jáde láti inú bàtà rẹ̀, kò sì tán. Làsísì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí i, ó bi í pé nígbà tí wọ́n ń lọ sí ìlà-oòrùn, ọwọ́ wo ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n òun sí.

Ṣíttù wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, “Nígbà tí a ń sin ín, mo kọjú sí i. Nígbà tí a ń lọ, mo kẹ̀yìn sí i. Èwo lo fẹ́ kí n sọ fún ọ?”

Ìyá wọn gbọ́ ọ láti ibi tó jókòó sí. Ó ní bí Ṣíttù ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti dé. Bó bá sọ ọ̀tún nígbà òjò, á sọ òsì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní ẹni tí yóò gbé ìròyìn ikú kiri, ó yẹ kó mọ ọwọ́ tó fi ń jẹun. Ṣíttù bọ́ bàtà rẹ̀ kan, ó da yanrìn inú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tún wọ̀ ọ́.

Bàlúù ti ń fò. Làsísì kò mọ ìgbà tó gbéra. Oòrùn wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ó ń bọ́ sínú gbogbo fèrèsé ibẹ̀, àwọn àga tó wà níbẹ̀ sì ti dijú. Ọwọ́ òsì tutù, ìbòòji ló wà níbẹ̀. Làsísì ronú bí aránṣọ. Ẹni tó bá gbé aṣọ kọjú sí oòrùn, dídán rẹ̀ nìkan ni yóò rí. Ẹni tó bá kẹ̀yìn sí oòrùn ló ń rí òwú tí wọ́n fi hun ún, àti ibi tó ti fẹ́ ya. Ó mú ọwọ́ òsì.

Ẹnìkan ti wà lórí àga tó wà níwájú apá níbẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn. Jàlàbíà funfun kan ni, ó jókòó ṣánṣán, láwàní wà lókè ọrùn rẹ̀ níbi tí orí kò sí. Làsísì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, nítorí òun ló rán an. Ọdún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ló rán an, torí pé ẹni tó bá ń ti Mẹ́kà bọ̀ kì í fi aṣọ ìrìnàjò wọ̀lú. Aṣọ kan ṣoṣo tó rán fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì dá ṣáṣá nígbà náà. Apá òsì gùn ju ọ̀tún lọ díẹ̀.

Kò mọ bí yóò ṣe ní kó dìde. Aṣọ àgbà, àgbà náà ni. Ó dúró síbẹ̀, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Nísàlẹ̀, koríko ti ń tán. Ilẹ̀ pupa ló kù, lẹ́yìn náà ilẹ̀ tó ní àwọ̀ àkàrà, lẹ́yìn náà yanrìn.

Ìyá rẹ̀ bi í bóyá ó ti jókòó. Ó ní òun kò tíì jókòó, aṣọ ẹ̀gbọ́n òun ló wà níbẹ̀. Ìyá ní kó gbé e. Ó ní bó bá ń bu ọlá fún aṣọ, ta ni yóò wá ẹni tó ni ín.

Làsísì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ jàlàbíà náà, ó sì gbé e. Ó wúwo bí ọkùnrin tó sùn lọ. Ó jókòó, ó gbé e lé itan, ó sì fi ọwọ́ dì í mú kó má ṣubú. Láwàní náà fara ti èjìká rẹ̀.

Ó wo ìta. Fèrèsé bàlúù ti di fèrèsé yàrá bàbá wọn, èyí tó ní ilẹ̀kùn pákó méjì àti ìkọ́ irin. Ó yọ ìkọ́, ó ṣí i. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Bàlúù ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sì ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Aṣálẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò ní òpin. Òkìtì yanrìn tò tẹ̀ lé ara wọn bí aṣọ tí wọ́n ká jọ tí wọn kò tíì lọ̀. Ìdajì òkìtì kọ̀ọ̀kan funfun, ìdajì rẹ̀ dúdú. Ó dára lójú tó bẹ́ẹ̀ tí Làsísì fi gbàgbé ohun tó wá ṣe fún ìṣẹ́jú kan.

Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ mú wọn. Àwọn ọkùnrin ló dùbúlẹ̀ lábẹ́ yanrìn náà, ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Yanrìn bò wọ́n bí aṣọ ṣe ń bo ẹni tó ń sùn. Ó ń rí èjìká, ó ń rí ìbàdí, ó ń rí ibi tí orúnkún gbé aṣọ sókè. Gbogbo wọn kọjú sí ìhà kan náà. Àpáta kan wà lẹ́bàá orí ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn, kò sì sí èyí tó yàtọ̀ sí èkejì.

Ìyá bi í bóyá ó ti rí i. Ó ní òun rí ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ìyá ní, “Pè é.”

Làsísì yọ orí síta. Ó pariwo bó ṣe máa ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, “Ẹ̀gbọ́n mi!”

Gbogbo wọn dìde jókòó.

Yanrìn ń ya sílẹ̀ lórí wọn. Títí dé ibi tí ojú rẹ̀ lè dé, wọ́n jókòó, wọ́n gbé ojú sókè sí fèrèsé. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹnìkan. Àwọn kan dáhùn pé àwọn nìyí. Ọ̀kan tó ti hewú bi í bóyá ará Ìlọrin ni, bóyá ìyá àwọn ṣì wà láyé. Òmíràn bi í bóyá Àdíátù ló rán an. Ọ̀kan kàn na ọwọ́ sókè bí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun.

Làsísì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, ó ní kì í ṣe àwọn. Wọn kò bínú. Wọn kò sì padà dùbúlẹ̀. Wọ́n ń wò ó, bàlúù sì ń lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń kúrò lójú fèrèsé, ọ̀wọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò tíì rí ojú tó mọ̀.

Ìyá ní kó pè é lórúkọ.

Ó ní òun kò lè ṣe é. Òun kò pè é lórúkọ rí. Ìgbà kan tí òun dán an wò, tí òun kò tíì ju orúnkún àgbà lọ, ìyá yìí kan náà ló fi ata sí òun lẹ́nu. Láti ìgbà náà, bí ẹlòmíràn bá pe orúkọ náà, òun máa ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ahọ́n òun kò kàn án. Ó bẹ ìyá pé kó bá òun pè é.

Ìyá ní, “Òkú kì í pe òkú.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. Ọ̀wọ́ tó gbẹ̀yìn ti ń bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, yanrìn lásán ló kù, kò sí ohun tó gbé e sókè níbì kankan.

Làsísì la ẹnu. Ó ní, “Múráínà.”

Kò pariwo. Orúkọ náà dà bí eyín ẹlòmíràn lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn yòókù dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì fa yanrìn bo ara wọn. Ẹnìkan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Ó dìde dúró. Jàlàbíà orí itan Làsísì fúyẹ́ lójijì, ṣùgbọ́n Làsísì kò wolẹ̀ wò ó. Ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni. Ojú ilé wọn ni ojú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó wo fèrèsé.

Kò mọ Làsísì. Arúgbó kan ló rí, tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, tó ń pe òun lórúkọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ òun. Ó ṣe ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa máa ń ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú yanrìn náà.

Ó ní, “Ẹ kú ìrìn, bàbá.”

Kò dìde. Ó ń dúró de èsì.

Ọ̀rọ̀ tí Làsísì fẹ́ sọ pọ̀. Ó fẹ́ sọ pé kó dìde kíákíá, kó máa bọ̀, pé ìyá wà níbí, pé Làsísì ni òun. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ láìdá a lóhùn, a kì í sì í rán an níṣẹ́ kí a tó súre fún un. Ẹnu rẹ̀ ti súre fún ọmọ àdúgbò títí, fún ọmọ oníbàárà, fún ọmọ-ọmọ. Ẹnu náà kò dúró bi í léèrè.

Ó ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Wàá dàgbà. Wàá darúgbó.”

Ṣíttù ní háà, jẹ́jẹ́.

Nísàlẹ̀, ogbó bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ ọkùnrin náà. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ là, ó sì le. Ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ó ki, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Irun orí rẹ̀ funfun láti ìpàkọ́ lọ síwájú. Ọdún gba orí rẹ̀ kọjá bí atẹ́gùn ṣe ń gba orí yanrìn, kò dún. Kò mì, kò kérora. Nígbà tí ó parí, ọkùnrin náà fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde ní ìpele méjì bí àgbàlagbà ṣe ń dìde, orúnkún kan kọ́kọ́, ó sinmi, kó tó kan èkejì. Ó ti dàgbà ju Làsísì lọ, bó ṣe fi jù ú nígbà tí wọ́n jọ wà nílé gan-an.

Ó tún wo fèrèsé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ ẹni tó ń wò.

Ó ní, “Làsísì. Ìwọ lo ń pè mí lórúkọ?”

Làsísì kò lè mọ̀ bóyá inú ń bí i ni tàbí ẹ̀rín ló fẹ́ rín. Kò dúró wò ó. Ó fi fèrèsé sílẹ̀, ó bọ́ sáàárín ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó gbé àyà lélẹ̀, ó gbé iwájú orí lélẹ̀. Ilẹ̀ bàlúù tutù. Ó ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń lọ sílẹ̀, tó sì dákẹ́. Bóyá wọ́n ti kọjá ibẹ̀, bóyá wọn kò tíì kọjá, kò mọ̀. Kò gbé orí sókè láti wò ó, nítorí a kì í wo ojú àgbà nígbà tí a bá ń tọrọ àforíjì.

Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ẹsẹ̀. Ẹni náà kò kánjú. Ẹsẹ̀ náà ń bọ̀ láti ìhà fèrèsé, ooru ilẹ̀ tí oòrùn ti pa sì ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ohùn tí Làsísì kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti ń rán aṣọ. Ẹsẹ̀ náà dúró lẹ́bàá orí rẹ̀. Làsísì ń dúró kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún òun.

Ilẹ̀ ti mọ́ kedere nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn yàrá. Ó bá a ní ìdojúbolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́. Ó sáré wọlé, ó ní, “Bàbá Kúbúrá, ṣé ẹ ṣubú ni?” Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ èjìká rẹ̀, ó fẹ́ gbé e.

Làsísì ní kó fi òun sílẹ̀ ná. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò tíì ní kí òun dìde.